Òǹkàwé ní òkú inú ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ mi rẹ́ àwọn jẹ: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe?

Afìtílàkọ̀wé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òǹkọ̀wé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ èsì òǹkàwé yìí.

Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni, àmọ́ òkú tó ń sọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀. Orí 24 ni, nǹkan bí ọ̀rọ̀ 68,000. Wọ́n bá òkú atún-aago-ṣe kan nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ìlẹ̀kùn wà ní títì láti inú, irin wà lójú fèrèsé, kò sì sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Obìnrin ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó ń wádìí ọ̀rọ̀ náà máa ń gbọ́ ohùn olóògbé tó bá fọwọ́ kan ohun tí olóògbé fọwọ́ kàn kẹ́yìn. Orí 22 ló tó hàn pé òkú fúnra rẹ̀ ló ti ìlẹ̀kùn lẹ́yìn tí apààyàn jáde tán.

Òǹkàwé mẹ́fà ló ti kà á. Mẹ́ta ní orí 22 rẹ́ àwọn jẹ. Méjì ní àwọn ti mọ apààyàn láti orí 9. Mẹ́rin ń béèrè pé kí ló dé tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kò kàn bi òkú pé ta ló pa á. Ẹnì kan ní láti orí 5 ni ẹ̀rù òkú náà ò ti ba òun mọ́. (Àwọn kan sọ ju ẹyọ kan lọ, ìdí nìyẹn tí iye wọn fi ju mẹ́fà.)

Ó jọ pé èsì wọn ń ta ko ara wọn: ó le jù fún àwọn kan, ó rọrùn jù fún àwọn kan. Ti ta ni kí n gbọ́? Kí sì ni kí n bi àwọn òǹkàwé tó kàn kí èsì wọn lè wúlò ju èyí lọ?

Atúdìí:

Ẹ tún èsì yẹn kà, ẹ ó rí i pé kò ta ko ara rẹ̀. Àwọn méjì tó ní àwọn ti mọ̀, ẹni tó pa á ni wọ́n mọ̀. Àwọn mẹ́ta tó ń bínú, bí ìlẹ̀kùn ṣe tì ni wọ́n ń bínú sí. Ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, àtúnṣe wọn kò sì pa pọ̀. Ẹ fi ti apààyàn sílẹ̀ ná. Ti ìlẹ̀kùn ló lè ba odindi ìwé jẹ́.

Ẹni tó ń ka ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ń bá òǹkọ̀wé ta ayò ni, ó sì ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé gbogbo ọmọ ayò ló wà lójú ọpọ́n. Nígbà tí Ronald Knox, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ òfin mẹ́wàá fún ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní 1929, èkejì nínú wọn yọ gbogbo agbára tó ju ti ẹ̀dá lọ kúrò pátápátá. Detection Club, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní London ní 1930, náà mú ọmọ ẹgbẹ́ búra nígbà náà pé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìtàn wọn kò ní gbára lé ìṣípayá láti ọ̀run. Òǹkàwé ni irú òfin bẹ́ẹ̀ ń dáàbò bò: bí òǹkọ̀wé bá lè pe iwin wá nígbàkigbà tí ọ̀nà bá dí mọ́ ọn, kí ni òǹkàwé ń da ara rẹ̀ láàmú ronú sí?

Ẹ̀yin ti yàn láti rú òfin yẹn. Kò burú, ọ̀pọ̀ ló ti rú u tí ìtàn wọn sì dùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rú u gbọ́dọ̀ fi òmíràn dí i: ohunkóhun tí òkú bá máa ṣe láti fi tú àdììtú, òǹkàwé gbọ́dọ̀ ti rí i tó ṣe irú rẹ̀ rí, níbi tí kò ti jọ nǹkan bàbàrà.

Ẹ mú ìwé kan, ẹ fa ìlà sí i kó di òpó márùn-ún. Ẹ kọ òfin òkú náà sí òpó kìíní, gbólóhùn kan péré. Òpó kejì, orí tí òfin yẹn ti kọ́kọ́ hàn. Òpó kẹta, bó ṣe hàn: ṣé ẹnì kan ló sọ ọ́ lẹ́nu, àbí ó ṣẹlẹ̀ lójú òǹkàwé? Òpó kẹrin, orí tí agbára náà ti kùnà. Òpó karùn-ún, orí tí ẹ ti fi tú nǹkan. Ẹ kọ gbogbo òfin inú ìwé sí i, títí kan èyí tí ẹ rò pé ọmọdé pàápàá mọ̀. Ibi tí nọ́ńbà òpó kejì àti ìkarùn-ún bá ti jẹ́ ọ̀kan náà, ibẹ̀ lẹ ti rẹ́ òǹkàwé jẹ. Pẹ̀lú ohun tí ẹ kọ yìí, "òkú lè ti ìlẹ̀kùn" ní 22 nínú òpó méjèèjì.

Ọpẹ́ ni pé ṣọ́ọ̀bù aago ni. Ẹ fún òfin náà ní ààlà tó há: irin nìkan ni òkú náà lè mú rìn, irin tí òun fúnra rẹ̀ ti fọwọ́ pa títí tó fi ń dán. Ní orí 4, kí irin tó máa ń fì lábẹ́ aago kan tó ti kú bẹ̀rẹ̀ sí í fì, kí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ sì rò pé atẹ́gùn ni. Ní orí 11, kó tún fì nígbà tí gbogbo fèrèsé wà ní títì. Ní orí 15, kí òkú gbìyànjú láti ṣí ìwé kan tó ṣe kókó sí ojú ewé tó yẹ, kó má lè ṣí i, torí pé bébà ni. Nígbà tí ọ̀pá irin ìlẹ̀kùn bá wá wọlé ara rẹ̀ ní orí 22, òǹkàwé á ní, "Mo mà rí i!"

Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, orí 15 ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi. Òǹkàwé kì í dárí ji agbára tí kò ní ààlà. Bó bá ti rí i tó kùnà lẹ́ẹ̀kan, á gbà á gbọ́ lọ́jọ́ tó bá ṣiṣẹ́.

Ẹ kò sì sọ ìdí tí òkú fi ti ìlẹ̀kùn o. Bí kò bá sí ìdí, ọgbọ́n àyínìke lásán nìyẹn, kò lọ́kàn nínú. Bóyá kí apààyàn má lè padà wá mú nǹkan kan ni. Kí nǹkan náà ti wà lórí tábìlì láti orí 2, lójú gbogbo ayé.

Kàwékàwé:

Mo fara mọ́ àtẹ òpó márùn-ún yẹn. Ẹ jẹ́ kí n mú ìbéèrè kejì.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni òǹkàwé lè ka ìwé yín láìmọ apààyàn. Tó bá ti mọ̀ ọ́n, kò lè sọ fún yín mọ́ bóyá ẹ̀rí tó wà ní orí 7 fara pa mọ́ tó, nítorí gbogbo ẹ̀rí ló máa ń hàn kedere sí ẹni tó ti mọ ìdí ọ̀rọ̀. Ẹ má ná gbogbo òǹkàwé yín tán lórí ẹ̀dà kan. Bí ẹ bá ní mẹ́jọ, mẹ́ta fún ẹ̀dà àkọ́kọ́, mẹ́ta fún èyí tí ẹ bá tún ṣe. Kí méjì tó kù má gbọ́ ohunkóhun nípa ìtàn náà títí di ẹ̀dà ìkẹyìn. Ẹ má tilẹ̀ sọ fún wọn pé òkú wà nínú rẹ̀.

Ẹ má sì fi odindi ìwé ránṣẹ́. Ẹ gé e sí mẹ́rin: orí 1 sí 6, 7 sí 12, 13 sí 18, 19 sí 21. Orí 22 sí 24 á dúró lọ́wọ́ yín. Kí wọ́n dáhùn àwọn ìbéèrè yìí lẹ́yìn ìpín kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó gba èyí tó kàn:

1. Ta lẹ fura sí báyìí, báwo ló sì ṣe dá yín lójú tó, láti 1 dé 10?
2. Kí lẹ rí tí ẹ fi fura sí i? Ẹ tọ́ka sí ìpínrọ̀ rẹ̀.
3. Kí ni òkú náà lè ṣe, kí ni kò sì lè ṣe?
4. Ibo lẹ ti gbé ìwé sílẹ̀ lọ ṣe nǹkan mìíràn?

Ìkẹta ni ìbéèrè tí irú ìtàn yìí nílò ju gbogbo rẹ̀ lọ. Bí òǹkàwé mẹ́ta bá fún un ní ìdáhùn mẹ́ta, inú orí yín ni òfin òkú ṣì wà, kò tíì dé ojú ìwé. Ìkẹrin sì wà nípò "ṣé ó sú yín?", nítorí bí ẹ bá béèrè bẹ́ẹ̀, ọmọlúàbí á ní rárá o. Ibi tó ti gbé ìwé sílẹ̀ kò nílò ojú àánú, á sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ẹ wo nọ́ńbà ìbéèrè kìíní bó ṣe ń lọ láti ìpín dé ìpín. Bí ó bá ti dé 8 kí orí 12 tó parí, tó sì jẹ́ apààyàn gan-an ni wọ́n dárúkọ, afurasí yín kò pọ̀ tó tàbí ẹ̀rí ti hàn jù. Bó bá dúró sí 2 títí dé orí 21, òǹkàwé kò ní ohun tó lè fọwọ́ mú. Èyí tó dára ni kí orúkọ yí padà lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán, kí ìdánilójú lọ sókè, kó wálẹ̀, kó tún gòkè. Bí ẹnì kan tàbí méjì nínú mẹ́fà bá mọ̀ ọ́n kó tó di orí 22, ẹ má banú jẹ́. Ẹ̀rí nìyẹn pé ó ṣeé mọ̀.

Fáìlì ńkọ́? Kí òǹkàwé kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Bí gbogbo wọn bá jọ wà nínú Google Docs kan tí wọ́n ń rí kọ́mẹ́ǹtì ara wọn, ẹni àkọ́kọ́ tó bá kọ "àbúrò olóògbé ni mo fura sí" ti ba ojú àwọn yòókù jẹ́. Ẹ fi nọ́ńbà sí ìpínrọ̀, ẹ fi déètì sí orúkọ fáìlì, kí ẹ má baà máa wá gbólóhùn tí ẹ ti yọ lóṣù tó kọjá.

Nígbà tí èsì bá dé, ẹ kàn dúpẹ́. Ẹ má ṣàlàyé. Àlàyé tí ẹ bá ṣe lórí WhatsApp kò ní tẹ̀ lé ìwé lọ sílé ẹni tó máa kà á lọ́la, òǹkàwé tí ẹ sì ti ṣàlàyé fún kì í ṣe ẹlẹ́rìí mọ́.

Òkùnkùn-birimù:

Gígé sí mẹ́rin dára fún ẹ̀rí, ṣùgbọ́n ó ń pa ẹ̀rù. Ẹ̀rù máa ń gorí ara wọn ni. Ẹni tó bá dìde láti fi nọ́ńbà dáhùn ìbéèrè ti jáde kúrò nínú òkùnkùn, ó sì máa pẹ́ kó tó padà wọ̀ ọ́. Fún àwọn tó fẹ́ràn ìtàn ẹlẹ́rù, ẹ fi orí 1 sí 21 ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n kàn máa kọ lẹ́tà kan sí ẹ̀gbẹ́ ìpínrọ̀: Ẹ níbi tí ẹ̀rù ti bà wọ́n, S níbi tó ti sú wọn, R níbi tí ọ̀rọ̀ ti rú wọn lójú. Lẹ́tà kì í fa ènìyàn jáde kúrò nínú ìtàn bí ìbéèrè ṣe ń fà á.

Ní ti orí 5, ẹ wò ó bóyá ibi tí òkú ti fara hàn náà lẹ ti ṣàlàyé rẹ̀. Ohun tó máa ń fa irú èsì yẹn jù nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí ó tó odindi orí kan kí àlàyé tó tẹ̀ lé ìfarahàn, kí àlàyé náà sì jẹ́ ti ohun tí òkú ń ṣe, kó má jẹ́ ti ohun tó jẹ́. Ẹ má sì fi í hàn tán lẹ́ẹ̀kan náà. Tútù irin lábẹ́ ìka lónìí, mímí lẹ́yìn ọrùn lọ́la. Òkú tí a ti rí láti orí dé ẹsẹ̀ ti di ojúlùmọ̀.

Kàwékàwé:

Òótọ́ lẹ sọ, mo gbà. Kí wọ́n kàn má jẹ́ àwọn kan náà: mẹ́ta fún ẹ̀rí, mẹ́ta fún ẹ̀rù, kí ẹ sì kọ irú òǹkàwé tí ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èsì rẹ̀. "Orí 13 fà" láti ẹnu olólùfẹ́ ìtàn ẹlẹ́rù lè jẹ́ orí tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti ń to ẹ̀rí jọ, tí àwọn ẹ̀rí-ni-mo-fẹ́ gbádùn jù lọ.

Afìtílàkọ̀wé:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Àtẹ náà ti wà nílẹ̀: òfin méje, mẹ́ta nínú wọn ni òpó kejì àti ìkarùn-ún ti dọ́gba. Orí 5 náà rí bí ẹ ṣe wí, ìfarahàn àti àlàyé wà ní ojú ìwé kan náà.

Ó ku méjì. Ti "kí ló dé tí kò bi òkú": ṣé kí òkú kàn sọ pé òun kò mọ̀? Àti ti orí 9: ṣé kí n yọ ẹ̀rí tó wà níbẹ̀?

Atúdìí:

"N kò mọ̀" lásán á bí ìbéèrè mìíràn. Òǹkàwé ń bi yín nítorí pé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kò bi òkú. Ẹ jẹ́ kó bi í, kó sì tètè bi í, ní orí 3, kó jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tó máa ti ẹnu rẹ̀ jáde. Kí òkú dáhùn. Kí ìdáhùn náà jẹ́ òótọ́, kó sì ṣi gbogbo wa lọ́nà.

Oríṣiríṣi ọ̀nà ló wà. Òkú lè má rí ẹni tó lù ú látẹ̀yìn. Ó lè gba ohun tí kì í ṣe òótọ́ gbọ́ kó tó kú, kó sì máa tún un sọ. Ó lè mọ̀ ọ́n kó máa dáàbò bò ó, bí apààyàn bá jẹ́ ọmọ rẹ̀. Èyí máa ń dun òǹkàwé dọ́kàn, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ fi ìfẹ́ yẹn hàn kí ó tó di ìdajì ìwé. Tiyín ti wà lọ́wọ́ yín ná: ohun tí olóògbé fọwọ́ kàn kẹ́yìn. Ẹ ka irú ohun bẹ́ẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù náà, kó jẹ́ márùn-ún péré. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ gbólóhùn kan, kó sì dákẹ́ títí láé. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ á wá máa ṣọ́ ohùn ná bí ẹni tó ń ṣọ́ owó ná. Bí ohun àkọ́kọ́ bá sọ pé, "Ẹni tí mo ń retí ni," gbogbo ènìyàn á sáré lọ wo ìwé oníbàárà, nígbà tó jẹ́ pé ẹlòmíràn ni bàbá náà ń retí lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ẹ tún rántí pé kò sí adájọ́ tó máa gba ọ̀rọ̀ òkú wọlé. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí kan tí alààyè lè fọwọ́ mú tó bá a lọ.

Ẹ wá dán ìwé náà wò báyìí. Ẹ fa igi lé gbogbo ọ̀rọ̀ òkú láti orí 1 dé 21, kí ẹ tún un kà. Bí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bá ṣì lè mú apààyàn láìsí i, ọ̀ṣọ́ lásán ni òkú. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ọ̀rọ̀ òkú nìkan. Bí òun nìkan bá tó láti mú apààyàn, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni ọ̀ṣọ́. Kí ọ̀kan máà lè dá a ṣe láìsí èkejì.

Atọ́jú-àdììtú:

Díẹ̀ ni tèmi. Ẹ ka gbogbo ohun abàmì inú ìwé, ẹ kọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan: òkú ló ṣe é, ènìyàn ló ṣe é, tàbí a kò mọ̀. Carnacki, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ iwin tí William Hope Hodgson bẹ̀rẹ̀ sí í gbé jáde ní 1910, ń bá iwin gidi pàdé nínú ìtàn kan, kó bá ọgbọ́n ẹ̀tàn ènìyàn pàdé nínú òmíràn, òǹkàwé kò sì lè mọ èyí tó ń bọ̀. Ẹ lè lo èyí nínú ìwé kan ṣoṣo. Bí ènìyàn bá fa okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ní orí 8 kí aago lè dún, ìfura máa bo ti orí 4 mọ́lẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n "a kò mọ̀" kò gbọ́dọ̀ ju ẹyọ kan lọ, nítorí òǹkàwé máa ń kà á.

Kàwékàwé:

Orí 9: ẹ má yọ ẹ̀rí kankan o! Bí ẹ bá yọ ọ́ nítorí àwọn méjì, ẹ ó rẹ́ àwọn mẹ́rin yòókù jẹ.

Ẹ kọ́kọ́ padà sọ́dọ̀ àwọn méjì náà pẹ̀lú ìbéèrè kan: kí ló sọ fún yín? Bí wọ́n bá tọ́ka sí gbólóhùn kan pàtó, ibi tó jókòó sí ni kò dára. Ẹ̀rí tó bá wà ní òpin ìpínrọ̀ máa ń pariwo. Ẹ gbé e sí àárín nǹkan mẹ́ta tí ẹ ń kà lẹ́sẹẹsẹ, tàbí kí ẹ jẹ́ kí nǹkan líle kan ṣẹlẹ̀ ní gbólóhùn tó tẹ̀ lé e. Ẹ sì fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ ta á jí ní nǹkan bí orí 16, kí ẹni tó kà á lọ́sẹ̀ tó kọjá má baà ti gbàgbé.

Bí wọ́n bá ní "ó kàn ṣe wá bíi pé òun ni," iṣẹ́ ni ẹni yẹn kò ní nínú ìtàn. Òǹkàwé tó ti mọ irú ìwé yìí máa ń wò ó pé, ta ni wọ́n dárúkọ, tó ń ṣoore, tí a kò sì mọ ohun tó ń wá? Ẹ fún un níṣẹ́ gidi: kó jẹ́ òun ló mọ ẹni tó ra aago kan, kí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ má lè tẹ̀ síwájú láìsí i. Kí afurasí kejì tó ní ìdí gidi sì wà lójú títí di orí 14.

Ti ta ni kí ẹ gbọ́, bí mo ṣe máa wọ̀n ọ́n rèé. Bí mẹ́ta nínú mẹ́fà bá kọsẹ̀ níbì kan náà, ẹ tún ibẹ̀ ṣe, kódà bí ìdí tí wọ́n sọ bá yàtọ̀ síra. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá sọ pé fèrèsé tó nírin ní orí 1 kò nírin mọ́ ní orí 11, ẹ tún un ṣe lójú ẹsẹ̀, ti òtítọ́ kò nílò ìbò. Bí ẹnì kan bá sì ní "ẹ jẹ́ kí òkú pa apààyàn," ẹ wo ibi tó ń dùn ún, ẹ fi oògùn tó júwe sílẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìyà tó jẹ apààyàn ní orí 24 kò tó lójú rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá fi ẹ̀dà tuntun ránṣẹ́ sí àwọn tí kò tíì gbọ́ nǹkan kan, ìdáhùn ìbéèrè kẹta ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó wo ẹni tí wọ́n fura sí. Bí wọ́n bá lè fi ẹnu ara wọn sọ ọ́ pé irin nìkan ni, irin tí ọwọ́ bàbá náà mọ̀, ẹ lè fi orí 22 ránṣẹ́.